Àkámọ́ Tí Láyíwọlá Gé Kúrò

Ọ̀rẹ́ mi, bá mi ṣírò yìí: 8 + 2 × 5. Mélòó ni? Rọra dáhùn o! Ìṣirò yìí ti pa ilé kan lẹ́kún.

Láyíwọlá ń kọ́ èèyàn ní kọ̀ǹpútà ní Yábàá. Kì í mutí. Àríyànjiyàn ni ọtí tiẹ̀. Kó tó fọ ẹnu láàárọ̀, ó ti bú ẹni méjì lórí Fesibúùkù.

Ẹnì kan gbé ìṣirò yẹn sórí WhatsApp ẹbí wọn. Láyíwọlá ní 50 ni. Àǹtí Adéfúnmiláyọ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, dáhùn pé: "Láyí, ìsọdipúpọ̀ là ń kọ́kọ́ ṣe. 18 ni."

Láyíwọlá mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ó ṣí Excel, ó fi àkámọ́ há 8 àti 2 mọ́ra, (8 + 2) × 5, 50 jáde. Ó ya fọ́tò ẹ̀, ó gé ibi tí àkámọ́ ti hàn kúrò, ó fi ránṣẹ́: "Kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Àǹtí, ọpọlọ yín ti dípẹtà o!"

Gbogbo ẹbí rẹ́rìn-ín. Àǹtí jáde ní gúrúùpù. Ó ní kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ nílé máa lọ, òun ò gbọ́kàn lé orí òun mọ́.

Láyíwọlá ń fi í yangàn fún Níyì, ọ̀rẹ́ ẹ̀ onígbàgbọ́. Níyì ò rẹ́rìn-ín.

"O gé àkámọ́ kúrò nínú fọ́tò. Ṣé o lè gé e kúrò lójú Ọlọ́run?"

"Pásítọ̀ Níyì! Ìṣirò lásán?"

"Irọ́ ni, Láyí. Lọ bẹ̀ ẹ́."

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ìgbà tí wọ́n pè é pé Àǹtí ò dá èèyàn mọ̀ mọ́, òun àti Níyì sáré dé ilé Àǹtí ní Àgùdà. Láyíwọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àǹtí, 18 ni! Ẹ̀yin lẹ gbà á. Mo parọ́!"

Àǹtí wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ dìde, bọ̀dá. Orí mi ni ò pé mọ́. Àbúrò mi ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀wé gan-an."

Láyíwọlá bú sẹ́kún. "Níyì, ta ló máa dárí jì mí báyìí?"

"Jésù ṣì ń gbọ́. Ó kú fún irọ́ yìí náà."

Níbi ẹsẹ̀ Àǹtí ló ti jẹ́wọ́, tó fi ayé ẹ̀ fún Jésù. Àlàáfíà dé. Ṣùgbọ́n títí dòní, bọ̀dá ni Àǹtí ń pè é.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Kí lo gé kúrò nínú fọ́tò tìẹ? Jésù ti rí i, ó sì ń pè ẹ́ síbẹ̀. Má sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yẹn, ronú pìwà dà. Tó o bá dìde, lọ bá ẹni tó o ṣẹ̀, nígbà tó ṣì mọ orúkọ ẹ.