Àwọ̀ Ewé Ẹ̀yìn Kọ́bọ́ọ̀dù

"Ẹ wo ọ̀dọ̀ mi, Màmá àgbà. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Ìyá arúgbó náà jókòó lábẹ́ gílóòbù pálọ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri aláwọ̀ ewé. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló fọwọ́ ara rẹ̀ kun ògiri ọ̀hún kí wọ́n tó kó wọlé. Wọ́n ti ta ilé náà báyìí, àwọn akunlé ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun kan ṣoṣo tí Màmá àgbà fẹ́ mú lọ ni fọ́tò tí àwọ̀ yẹn yóò ti hàn bó ṣe rí gan-an.

Eyínfúnjowó ni ó máa ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ ya fọ́tò náà. Àbúrò bàbá ọmọ náà, tó jẹ́ ayafọ́tò, ló yá a ní kámẹ́rà, ó sì kìlọ̀ fún un: "Iná gílóòbù máa ń sọ gbogbo nǹkan di pupa. Kọ́kọ́ fi bébà funfun han kámẹ́rà lábẹ́ iná yẹn, kó lè mọ funfun. Kò ná ẹ ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n wo fọ́tò àkọ́kọ́ dáadáa kó o tó kúrò níbẹ̀."

Gbogbo bébà ti wà nínú páálí. Eyínfúnjowó bá mú ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé rẹ̀ tó rì bọ omi búlúù ìfọṣọ lánàá, tó funfun báláú, ó fi han kámẹ́rà.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń pè é lójú fèrèsé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò àṣekágbá lọ́jọ́ náà ni, ẹsẹ̀ ẹni tó parí ìdánwò kì í sì í gbélé.

"Ìwọ nìkan là ń dúró dè o. Fọ́tò ò ní sá lọ."

Ó yà á lẹ́ẹ̀mejì, kò wò ó, ó bá wọn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, nílé ayafọ́tò, ojú Màmá àgbà pọ́n bí ọsàn nínú fọ́tò. Ògiri dà bí ewé gbígbẹ.

"Kí lo fi hàn án?" ni ayafọ́tò bi í.

"Ṣẹ́ẹ̀tì mi ni."

"Èyí tó o rì sí búlúù? Ojú wa ló ń rí i ní funfun. Kámẹ́rà rí búlúù ibẹ̀, ó ṣe bí iná ló ní in, ló bá fi pupa dí i."

"Ẹ bá mi tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́."

Ayafọ́tò tún fọ́tò náà wò. "Mo lè yí i. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tí bàbá mi lò gan-an, mi ò rántí mọ́. Màá kàn máa méfò ni."

Eyínfúnjowó gbé kámẹ́rà sáré délé, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọ̀dà funfun ti bo pálọ̀ látòkè délẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

"Ẹkún ò lè ṣí ọ̀dà, ọmọ mi," ni Màmá àgbà wí. Ojú tirẹ̀ náà ti kún fún omi.

Ó ku kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan tí àwọn akunlé kùn yí ká nítorí pé ó wúwo. Eyínfúnjowó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun sún un. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó jẹ́ àwọ̀ ewé, oòrùn kò rí i rí.

Màmá àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. "Èyí gan-an ni mo bá lọ́jọ́ tá a kó wọlé. Ìyókù ti ń ṣá lójú mi, mi ò tiẹ̀ mọ̀."

Ọmọ náà tú páálí, ó yọ bébà funfun kan, ó fi han kámẹ́rà níwájú ògiri yẹn. Ó ya fọ́tò, ó wò ó, ó gbé fọ́tò inú kámẹ́rà sún mọ́ ògiri. Ó tún un yà. Ìgbà tí àwọ̀ méjèèjì ṣe déédéé ló tó sọ fún àwọn akunlé pé kí wọ́n máa kùn ún lọ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bébà kan péré àti sùúrù díẹ̀ ni iṣẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní ń fẹ́. Fọ́tò náà wà lára ògiri lókè ibùsùn Màmá àgbà nílé tuntun. Ògiri inú rẹ̀ kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, gbogbo ohun tó sì ṣẹ́ kù nílé ọkọ rẹ̀ nìyẹn.