Àròkọ Tí Kálàmù Lẹ̀ Mọ́ Pátákó

Kí aago ìpéjọ àárọ̀ tó lù ní ọjọ́ Ajé yẹn, àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ṣù bo pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìkàwé. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn, àwọn tó wà níwájú ń kà á sókè fún wọn.

"Ẹ tún un kà! Ẹ tún ibi tó ti ní àlejò kì í lé onílé dìde lórí àga kà!"

Ẹ̀rín sọ. Ẹnìkan pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù gbè é.

Kálàmù dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbá ìwé mọ́ àyà, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ ò gbé ọ̀rọ̀ kan jù. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Bàbá rẹ̀, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkòríta, ló sọ ọ́ ní Kálàmù nígbà tó ṣì kéré, tó ń kọ nǹkan kiri gbogbo ara ògiri ilé. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn olùkọ́ pàápàá ń fi pè é.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń lẹ àròkọ kan mọ́ pátákó náà. "Ohun Tójú Mi Rí" ló sọ ọ́. Ó ti kọ nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò nílẹ̀kùn, wọ́n sì kan ilẹ̀kùn sí i. Ó ti kọ nípa olóṣèlú tó wá ya fọ́tò nínú yàrá ìkàwé, tí kò fi ẹyọ ìwé kan sílẹ̀ lọ. Ó ti kọ pé ó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún máa dìbò. Àwọn oníbàárà bàbá rẹ̀ fi ìyẹn jiyàn láti àárọ̀ di ọ̀sán, débi pé ọkùnrin kan bínú dìde, ó gbé orí tí wọ́n fá dé ìdajì lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ti ọ̀sẹ̀ yìí yàtọ̀. Ogun ti ń jà ní òdìkejì odò láti ọdún méjì sẹ́yìn, bí ogójì ìdílé ló sì ti sá àsálà wá sílùú náà. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ wọn wà nílé-ìwé wọn. Nígbà tí èsì ìdánwò láti wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì jáde, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Pupa, ọ̀rẹ́ Kálàmù láti kékeré, kò wọlé. Nọ́ọ̀sì ni Pupa sì fẹ́ dà. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

"Wọn ò tiẹ̀ ṣèdánwò," ló wí. "Ṣe ni wọ́n kàn fún wọn láyè, torí pé wọ́n ń káàánú wọn. Àyè mi ni wọ́n gbà. Gbogbo èèyàn ló mọ̀."

Kálàmù délé, ó jókòó ti tábìlì, ó kọ ọ̀rọ̀ náà bí Pupa ṣe sọ ọ́. Gbogbo ohun tó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ló ń wá sí i lọ́kàn: pé àwọn tógun lé wá yìí ti pọ̀ jù, pé wọ́n fẹ́ gba gbogbo nǹkan. Nígbà tó kọ ọ́ dé àárín, ó rántí pé olùkọ́ ìṣirò ló darí ìdánwò náà, ilé olùkọ́ ò sì ju ojúlé mẹ́ta lọ sí tiwọn. Ó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Tóun bá béèrè, tí ìdáhùn ọ̀hún ò wá bá tòun mu ńkọ́? Àròkọ náà sì ti ń dùn. Ó padà jókòó.

Lọ́jọ́ Ajé, àtẹ́wọ́ ló gbà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn kan tí kò bá a sọ̀rọ̀ rí wá ń kí i. Nígbà tó máa di Ọjọ́rú, àga mẹ́rin ti ṣófo ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ọ̀kan nínú wọn ni ti ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, torí pé kì í pariwo, ọmọ aránbàtà kan tó wà lójú ọ̀nà ilé-ìwé. Lára ìsọ̀ bàbá rẹ̀, ẹnìkan ti fi èédú kọ ọ́ gàdàgbà gadagba pé: Ẹ PADÀ SÍBI TẸ́ Ẹ TI WÁ.

Kálàmù rí i nígbà tó ń lọ sílé. Ó yára kọjá. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kọ́ lòun kọ èyí.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan tó jókòó lábẹ́ ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ́rìn-ín sí i. "Aah, òǹkọ̀wé wa! Ọmọ mi sọ ọ́ fún mi. Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa lo sọ yẹn. Ẹ̀rù ń bà wá láti sọ ọ́ ni."

Bàbá rẹ̀ pa ẹ̀rọ. "Kí ló sọ?"

Oníbàárà ròyìn rẹ̀ fún un. Bàbá tẹ́tí títí ó fi parí, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o béèrè lọ́wọ́ wọn?"

"Bàámi, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n."

"Mi ò béèrè gbogbo èèyàn. Wọ́n ní ohun tójú ẹ rí lò ń kọ. Ṣé ojú ẹ rí i?"

Kálàmù wo ilẹ̀. Irun gígẹ̀ ló kún ibẹ̀.

"Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni," bàbá rẹ̀ wí. Kò jágbe mọ́ ọn, ìyẹn ló sì dun Kálàmù jù. "Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń fárí. Títí dòní, mi ò tíì fá orí tí wọ́n kàn ròyìn ẹ̀ fún mi. Mo máa ń kọ́kọ́ wò ó ná."

Oníbàárà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí pé ẹ̀rọ ṣì wà nítòsí etí òun, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Kálàmù ò tiẹ̀ bọ́ aṣọ ilé-ìwé tó fi lọ kanlẹ̀kùn olùkọ́ ìṣirò. Olùkọ́ ti ka àròkọ náà lórí pátákó, kò sì rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo jókòó tì wọ́n," ló wí. "Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣe é, Jẹ́jẹ́ ló sì gbégbá orókè. Ó tún ku kinní kan tí o ò béèrè: kò sí iye àga tá a dá. Ẹni tó bá ti gba àádọ́ta máàkì, ó wọlé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gba àyè ẹnikẹ́ni."

"Pupa wá ńkọ́, sà?"

"Tiẹ̀, òun ni kó o lọ bi."

Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ Kálàmù ò gbé e relé. Ó bá ara rẹ̀ níwájú ìsọ̀ aránbàtà. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ, ó ń fọ èédú ara pákó. Jẹ́jẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ìda pa okùn tí bàbá rẹ̀ fi ń rán bàtà.

"Wọlé, ọmọ mi," ni aránbàtà wí. "Èwo ló já nínú ẹ̀?"

"Kò já, bàbá. Èmi... èmi ni mo kọ ọ́."

Ọkùnrin náà wo èédú, ó wo òun náà. "Èyí?"

"Rárá, sà. Èyí tó ṣáájú ẹ̀."

Ẹnìkan ń kọjá lọ, ó kí wọn, wọ́n dá a lóhùn. Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ lanu.

"Mo kà á. O mọ̀wé kọ." Ó dàbí ẹni pé ìyìn ni, títí tó fi bá ọ̀rọ̀ náà lọ. "Olùkọ́ kan wà níbi tá a ti wá, òun náà mọ̀wé kọ. Inú ìwé ìròyìn ìlú ló máa ń kọ ọ́ sí. Ó kọ́kọ́ kọ pé irú àwa yìí ti pọ̀ jù nílùú, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó tún kọ pé à ń gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí wọ́n máa gbé ìbọn dé, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ìbọn làwọn èèyàn máa ń rántí. Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ dé."

Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí Kálàmù ti tò sílẹ̀ lọ́nà ló fò lọ. Ó rí búrọ́ọ̀ṣì kejì nínú garawa, ó mú un, òun náà kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ pákó. Aránbàtà jẹ́ kó fọ ọ́ fúngbà díẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́ dáadáa lápá ọ̀dọ̀ ẹ yẹn," ló wí níkẹyìn. "'Ẹ PADÀ' ti lọ. 'TẸ́ Ẹ TI WÁ' ló ń ṣorí kunkun."

Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, Kálàmù lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé ní ọ́fíìsì, ó jẹ́wọ́ látòkèdélẹ̀. Ọ̀gá, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ sáré, bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ó dáa tó o wá. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu. Káfíńtà ń bọ̀ wá tú pátákó yẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́."

Kálàmù ò jiyàn. Ó gbà pé ìyà tó tọ́ sí òun nìyẹn. Àfi bí ẹnìkan ṣe kanlẹ̀kùn. Jẹ́jẹ́ ni, nínú aṣọ ilé-ìwé.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u."

"Ìwọ tí wọ́n bú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. "Lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti gbogbo ìwé ìròyìn pa, ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo. Inú ẹ̀ lolùkọ́ yẹn ti ń kọ̀wé. Bàbá mi kọ èsì, kò ríbi gbé e sí. Ẹ má pa ẹnu Kálàmù dé, mà. Ìdajì pátákó yẹn ni kẹ́ ẹ fún mi."

Ọ̀gá ò tíì dáhùn tí káfíńtà fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà tòun ti òòlù lọ́wọ́. "Mà, ṣé kí n tú u ni àbí kí n fi í sílẹ̀? Ẹnìkan ń dúró dè mí níbòmíì."

Ọ̀gá wo ọmọbìnrin méjèèjì títí. Ó gbé gíláàsì padà sójú. "Ṣé pákó ṣì kù lọ́wọ́ ẹ?"

"Ó kù, mà."

"Má tú u mọ́. Fẹ̀ ẹ́ sí i."

Báyìí ni pátákó ṣe di méjì tó so pọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá fi lélẹ̀: ẹni tí wọ́n bá kọ nǹkan nípa rẹ̀, àyè rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fèsì. Lápá ọ̀tún, Kálàmù lẹ àròkọ tó kúrú jù nínú gbogbo èyí tó ti kọ rí mọ́ ọn: "Mo kọ ohun tí ojú mi kò rí. Irọ́ ni. Mo tọrọ àforíjì." Ó sọ ohun tí olùkọ́ ìṣirò sọ, ó sì fọwọ́ sí i. Lápá òsì, Jẹ́jẹ́ kọ nípa ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tì, kọ́kọ́rọ́ tó ṣì wà lápò bàbá rẹ̀. Àwọn tó wá kà á dúró pẹ́.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló pàtẹ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn kan pe Kálàmù ní ọ̀dàlẹ̀, Pupa ò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Lọ́sẹ̀ kẹta ló wá bá a lábẹ́ igi, ó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀.

"Mi ò yí ojú ewé tó kẹ́yìn," ló wí. "Mo rò pé ìdánwò ti tán. Mo kàn ń wá ẹni tí màá di ẹ̀bi rù."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ìwọ náà ò bi mí."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Jẹ́jẹ́ ló wá ń kọ́ Pupa ní ìṣirò lọ́sàn-án, lórí bẹ́ǹṣì inú ìsọ̀, níwájú bàbá rẹ̀. Lópin sáà, Pupa tún ìdánwò náà ṣe. Ó yí gbogbo ojú ewé, àní ó yí ẹ̀yìn ìwé wò, ó sì wọlé. Àwọn ọmọ mẹ́ta yòókù ti padà sí kíláàsì, àwọn oníbàárà tó ti sá fún aránbàtà sì ń padà wá lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹni tó fi èédú kọ̀wé ni wọn ò mọ̀ títí dòní.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Kálàmù àti Jẹ́jẹ́ jáde ilé-ìwé, wọ́n pe àwọn àbúrò tó máa gba pátákó lọ́wọ́ wọn jọ. Kálàmù ló bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ má dákẹ́ o. Ẹ bá olóṣèlú wí, ẹ bá ọ̀gá wí, ẹ sọ̀rọ̀ nípa ogun, ẹ sọ̀rọ̀ nípa ìyà tí wọ́n fi ń jẹ èèyàn. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan nípa ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ bá a jókòó. Tí ẹ bá sì ṣì í kọ, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ pé ẹ ṣì í. Òmìnira ọ̀rọ̀ ò túmọ̀ sí pé kí ẹnìkan máa sọ, kí àwọn yòókù máa gbà á mọ́ra. Kí ẹni tá a sọ̀rọ̀ ẹ̀ náà ríbi fèsì, òun ni."

Ọmọbìnrin kékeré kan nawọ́ sókè níwájú.

"Àǹtí, ṣé a lè kọ nípa ẹ̀yin náà?"

Jẹ́jẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Kálàmù fa àga sún mọ́ ọmọ náà, ó jókòó.

"Ẹ lè kọ ọ́. Ó yá, bi mí ní ìbéèrè."