Ìdákẹ́jẹ́ Yàrá Màámi

Ẹ má wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, etí mi yìí ló gbọ́ ọ.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ ń ṣe fíìmù nípa bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà, tí òkun sì ń jẹ àdúgbò wa lọ. Èmi ló ń yà á. Òun ló kọ orin rẹ̀, orin tuntun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí. A fẹ́ kí àwọn ará ìsàlẹ̀ àdúgbò, létí omi, kó kúrò kí òjò tó dé. Ṣùgbọ́n Màámi, tí ilé wọn sún mọ́ omi jù, ní àwọn ò lọ síbì kankan. Ẹ̀rù pé omi á gbé wọn lọ kì í jẹ́ kí n sùn.

Nínú iṣẹ́ wa, bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tán nínú yàrá, a máa ń gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀, ká lè fi dí ibi tá a bá ti gé ọ̀rọ̀. Nígbà tá a gba ọ̀rọ̀ Màámi sílẹ̀ tán ní yàrá wọn, wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, pé àgbàlagbà méjì ń gba òfìfo sílẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. A ti ilẹ̀kùn. Gbogbo wa panu mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ní ṣọ́ọ̀bù tá a ti ń ṣiṣẹ́, mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Omi wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ti òkun lọ́ọ̀ọ́kán. Inú yàrá ló wà, ó ń gbá pátákó bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà, nínú rẹ̀ kan náà, ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn, ó sì ń pè.

"Màámi, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Àbúrò mi gba hẹ́dífóònù lọ́wọ́ mi. Ó gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn yín nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ mi ò lanu nínú yàrá yẹn rárá.

Mo gbé e lọ bá Màámi. Mo dé hẹ́dífóònù sí wọn létí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n rọra rẹ́rìn-ín.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Mo máa ń dá ọ lóhùn. Ìwọ ni o kì í gbọ́."

Ojú ẹsẹ̀ ni mo yọ ilẹ̀kùn yẹn, kó má bàa há wọn mọ́ bí omi bá dé, mo gbé e lọ sílé mi. Wọ́n bínú. Mo ní kí wọ́n máa bínú lọ.

A fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án Sátidé. Nígbà tí orin àbúrò mi dé, àwọn èèyàn sunkún. Ọ̀pọ̀ wọn lọ palẹ̀ ẹrù mọ́. Màámi pàtẹ́wọ́ fún wa, wọ́n sì padà sílé wọn létí omi.

Àbúrò mi ní ká tún gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀, nígbà tí kò sí ilẹ̀kùn mọ́. A gbà á sílẹ̀, a sì gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń kan nǹkan kan mọ́. Omi ṣì wà níbẹ̀. Ohùn mi náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pe Màámi mọ́. Ẹkún ló ń sun.