Olè Tó Nu Ìbọn Tí Kò Jí

Ìbọn méje ló yẹ kó wà nínú àpótí irin Ardis Kvamme. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí ìyá àgbà náà ṣí i láti gbọn eruku inú rẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ ra ìbọn tó dé, mẹ́fà ló bá. Ó tún wọn kà, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ni ráífù ọkọ rẹ̀, Lyle, tó kú ní oṣù kẹta ọdún náà. Ogójì ọdún ni Lyle fi gbé ìbọn yẹn gun òkè lọ pa àgbọ̀nrín. Ìyá jókòó, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó sì pe ọlọ́pàá.

Ní Antler Fork tiwa níbí, ní Montana, bí wọ́n bá jí ọkọ̀ rẹ, àwọn èèyàn á kí ọ kú àdánù, wọn á bá tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jí ìbọn tí òkú fi sílẹ̀, gbogbo ìlú ni inú ń bí. Pàápàá jù lọ, ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí àkókò ọdẹ bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ilé tí wọn kò ti ń pọ́n ọ̀bẹ, tí wọn kò ti ń fi ọta dán ìbọn wò.

Ọlọ́pàá ọ̀dọ́ kan, Kip Lund, ló kọ́kọ́ débẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti mú Cale Pruitt sí àtìmọ́lé. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Cale. Ó ti ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin rí nítorí pé ó fọ́ ilé olóògùn ní ìlú ńlá. Nígbà tó jáde tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́, Ardis ló gbà á, tó fún un ní yàrá lókè ilé ẹṣin. Òfin sì dè é: kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn títí ayé. Ọjọ́ Ẹtì, aago méjì, ni adájọ́ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí adájọ́ bá gbà pé ó fọwọ́ kàn án, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ń dúró dè é.

Lẹ́yìn náà ni Inspẹ́kítọ̀ Hollis Branam dé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yá. Ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò gbọ́n, ìyẹn ló sì fi ń mú àwọn tó gbọ́n.

“Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí ò le,” ni Kip wí. “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Màmá lọ tọ́jú ojú ní ọsibítù lánàá. Cale gbé wọn débẹ̀, ó wá padà síbí láti tún ọgbà ẹṣin ṣe. Òun nìkan ló wà nílé fún wákàtí méjì. Ẹ tún wo ìbọn méjì tó wà níwájú yìí. Ó ní láti gbé wọn kúrò kó tó lè mú ti ẹ̀yìn, ó sì nù wọ́n mọ́ kedere. Ọgbọ́n ẹlẹ́wọ̀n nìyẹn, kí á má bàa rí àmì ìka rẹ̀.”

Hollis wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé ọ̀kan. “Ibo ló nù lára rẹ̀?”

“Irin rẹ̀.”

“Igi ìdí rẹ̀ ńkọ́?”

Kip bẹ̀rẹ̀ wò ó. “Igi... eruku ṣì wà lára igi.”

“Bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ láti ṣí àpótí ńkọ́?”

“Ìyẹn ò nù, ọ̀gá. Àmì ìka pọ̀ lórí rẹ̀ jánnajànna, wọ́n gun ara wọn, wọn ò ṣeé kà.”

Hollis gbé imú sún mọ́ irin ìbọn náà. “Kànáfùrù ń rùn níbí.”

“Màmá máa ń fi sínú páì, ọ̀gá.”

Ardis, tó dúró lẹ́yìn wọn, mí kanlẹ̀. “Kip, ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo máa ń fi ìbọn ro páì ni? Epo tí à ń fi nu ìbọn nílé yìí nìyí.” Ó gbé agolo epo náà fún Hollis. Kò ní òórùn kankan.

“Mà, ta ló mọ nọ́ńbà àpótí yìí?” ni Hollis béèrè.

“Èmi nìkan. Lyle ò kọ ọ́ síbì kankan.”

“Ṣé kì í ṣe ẹẹ́ta, òdo, òdo, ẹẹ́fà?”

Ìyá la ẹnu sílẹ̀. “Ta ló sọ fún ẹ?”

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Nọ́ńbà irú ọta tí ráífù Lyle ń jẹ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí àpótí ẹnikẹ́ni nílùú wa, orúkọ ọta tó fẹ́ràn jù ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. A máa ra àpótí tí iná ò lè jó, a máa fi irin nípọn kàn án mọ́lẹ̀, a ó wá fi ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ tì í. Orí ló ń kó wa yọ.

“Hollis, gbọ́ mi,” ni Ardis sọ, ó di apá rẹ̀ mú. “Kì í ṣe ọmọ yẹn. Bí mo bá ní kó bá mi gbé àga wá sí yàrá yìí, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí. Á ní, ‘Mà, ẹ fà á láti ibẹ̀.’ Nígbà tí Lyle kú, àwọn èèyàn gbé oúnjẹ wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, Cale nìkan ló ń bi mí pé ṣé mo ti jẹun.”

“Ta ló mọ̀ pé àwọn ìbọn yìí máa tó kúrò nílé?”

“Gaylen Stroud tó ń ta ìbọn. Ọ̀la ló yẹ kó wá rà wọ́n. Bí Gaylen bá sì ti mọ nǹkan, ṣé ó tún ku ẹni tí ò mọ̀ ọ́n?”

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Verlin Ostby wọlé, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹran lọ́wọ́. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Òun àti Lyle ni wọ́n jọ ń ṣọdẹ fún ogójì ọdún.

“Mo sọ fún ẹ, Ardis,” ló wí, ó gbé ìkòkò kalẹ̀. “Mo ní ẹlẹ́wọ̀n kì í ṣe ẹni à ń fi sínú ilé. O ní mo ti darúgbó.”

“O ti darúgbó náà,” ni Ardis dáhùn.

Hollis rẹ́rìn-ín. “Bàbá Verlin, bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ọ̀kan nínú ìbọn Lyle, èwo lẹ máa mú?”

Ojú bàbá tàn. Ó sọ ti ìbọn olójú méjì tó wá láti Bẹ́ljíọ̀mù, bó ṣe ń fò wá sí èjìká fúnra rẹ̀. Ó sọ ti ìbọn ìléwọ́ méjì, èyí tó ń tàpá àti èyí tó tutù. Ó sọ bí ráífù kékeré ṣe dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ó ròyìn mẹ́fà láì sinmi, kò sì dárúkọ ìkeje rárá. Hollis dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde.

Ní àtìmọ́lé, Cale jókòó, ó ká ọwọ́ sáàárín itan.

“Irú ọta wo ni ráífù Lyle ń jẹ?” ni Hollis bi í.

“Ọ̀gá, ṣé ìbọn náà máa ń yan oúnjẹ ni?”

“Èwo nínú wọn lo fẹ́ràn jù?”

“Mi ò mọ iye tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn yàrá yẹn, ẹ̀yìn ni mò ń kọ sí i.” Ó gbé ojú sókè. “Wọ́n ní ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo ń bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ohun tí ò jẹ́ kí n sùn ni pé kí màmá yẹn lọ rò pé èmi ni ọlọ́ṣà náà. Ọ̀gá, wọ́n ní láti padà lọ tọ́jú ojú lọ́jọ́ Ẹtì. Ta ló máa gbé wọn lọ?”

Hollis kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí òun wá ẹni tó máa gbé ìyá lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Gaylen Stroud. Ó bá a tó ń dá oníbàárà kan lẹ́kọ̀ọ́. “Má wo bó ṣe ń dán,” ni Gaylen ń wí. “Gbé e, di ojú rẹ, kó o sún un sí èjìká. La ojú báyìí. Ṣé ibi tí ìwọ ń wò ni òun náà ń wò? Kò rí bẹ́ẹ̀? Ìbọn ẹlòmíràn lo gbé dání nìyẹn, dá a padà.”

Nígbà tí oníbàárà lọ, Hollis bi í pé èwo ló máa mú nínú ìbọn Lyle.

“Ìyẹn tún ń fẹ́ ìbéèrè? Olójú méjì tó wá láti Bẹ́ljíọ̀mù. Ọwọ́ ni wọ́n fi fín ẹyẹ sí i lára. Òun nìkan ju gbogbo ìyókù lọ.”

“Ráífù tó sọnù ńkọ́?”

“Ara rẹ̀ ti ha tán, ìdí rẹ̀ ti sán. Ìbọn gidi ni o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ìfẹ́ ló ń dà á láàmú.”

Hollis dìde lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí Gaylen wá sílé Ardis láago mẹ́wàá àárọ̀ Ẹtì, kó wá jẹ́rìí sí àwọn ìbọn tó kù. Ó ránṣẹ́ kan náà sí Verlin.

Láago mẹ́wàá, ìbọn mẹ́fà wà lórí tábìlì ìjẹun Ardis, wọ́n tẹ́ aṣọ sábẹ́ wọn. Hollis ní kí kálukú gbé ọ̀kan yẹ̀ wò. Kip gbé ìbọn ìléwọ́, ó wò ó bóyá ọta wà nínú rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. Gaylen gbé ti Bẹ́ljíọ̀mù, ó fi ìka pa ẹyẹ ara rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. Àmì ìka rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn lára irin.

Verlin gbé ráífù kékeré. Ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri, ó fa irin ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti ọmọńdinrín bọ inú rẹ̀ kó lè dá a lójú pé ó ṣófo. Ó dá irin padà. Kó tó gbé e kalẹ̀, ó yọ aṣọ kékeré kan láti àpò àyà, ó fi nu gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kàn lára irin. Kò nu igi.



“Bàbá Verlin,” ni Hollis pè é jẹ́jẹ́, “kí lẹ ṣe yẹn?”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ nu ìbọn.”

“Òógùn ọwọ́ ń mú irin dípẹtà, ọmọ Bert. Bàbá ẹ ò kọ́ ẹ ni?”

“Ó kọ́ mi, sà. Ẹ jẹ́ kí n gbóòórùn aṣọ yẹn.”

Verlin wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló fi síbẹ̀. Hollis gbà á, ó gbé e fún Kip. Kip gbóòórùn rẹ̀, ojú tì í. “Kànáfùrù,” ló wí.

“Ìyàwó yín ló ń ráhùn pé epo ìbọn ń rùn nílé, àbí?” ni Hollis sọ. “Ẹ wá ń po kànáfùrù mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ẹni tó ń bo àmì ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀, bọ́tìnì àpótí ni ì bá kọ́kọ́ nù. Ẹni yìí ò ronú kan ìyẹn. Irin nìkan ló nù, irin ìbọn tí kò jí pàápàá, torí pé kò lè fi òógùn rẹ̀ sílẹ̀ lára ìbọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wá owó á gbé ti Bẹ́ljíọ̀mù. Ẹni yìí fi í sílẹ̀, ó gbé èyí tó ha jù. Cale ò mọ̀ pé ọta ní nọ́ńbà, ẹ̀yin sì mọ ọta Lyle bí orúkọ yín. Lọ́jọ́rú, ẹ ròyìn ìbọn mẹ́fà fún mi. Ogójì ọdún lẹ fi rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkeje, ẹ ò sì lè dárúkọ rẹ̀.”

Verlin jókòó. “Ó wà nílé mi. Mo wọlé gbé e lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Cale wà lọ́gbà ẹṣin. Lórí òkè ni Lyle ti sọ ọ́ fún mi, ó ní, ‘Tí mo bá kú, má jẹ́ kí ìbọn yìí di ti àlejò.’ Gaylen sì ń sọ ọ́ káàkiri pé gbogbo ìbọn Lyle lòun máa kó. Ojú tì mí láti béèrè, Ardis. Mo rò pé o máa ní mò ń jẹ ogún òkú.”

Ardis wo Gaylen. “Mélòó ni mo pè ẹ́ fún?”

“Mẹ́fà,” ni Gaylen wí, ó fọwọ́ họ orí. “Ẹnu mi ló sáré ju ẹsẹ̀ mi lọ.”

Ìyá dìde, ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú bàbà pẹlẹbẹ kan jáde, ó gbé e síwájú Verlin. Wọ́n ti fín ọ̀rọ̀ sí i: *Fún Verlin, láti ọwọ́ Lyle.* “Lára ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ kàn án mọ́,” ló wí. “Ọ̀la, kí ẹ tó gòkè, ni mo fẹ́ gbé e fún ẹ. Ohun tó jẹ́ tìẹ lo jí.”

Bàbá bo ojú.

“Ti ìbọn, mo ti gbàgbé ẹ̀,” ni Ardis wí, ohùn rẹ̀ le báyìí. “Àmọ́ ọmọ yẹn ti sun àtìmọ́lé ọjọ́ méjì, ìwọ gbé ọbẹ̀ wá síbí, o sì ń bú u lójú mi. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.”

“Mo rò pé wọ́n máa dá a sílẹ̀ tí wọn ò bá rí ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀.”

“Ọdún mẹ́wàá, bàbá,” ni Hollis wí.

Verlin dìde fúnra rẹ̀, ó wọ kóòtù rẹ̀. “Gbé mi lọ síwájú adájọ́. Kí n sọ ọ́ kí aago méjì tó lù.”

Ó sọ ọ́ lóòótọ́, lórí ìdúró, níwájú gbogbo èèyàn, kò fi ohunkóhun pamọ́. Adájọ́ dá Cale sílẹ̀, ó sì dá ọjọ́ ẹjọ́ fún Verlin. Nígbà tí bàbá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cale, ó dúró, ó ní, “Mo ṣẹ̀ ẹ́, ọmọ mi.” Cale mi orí sí i. Kip náà wá, ó na ọwọ́ sí i, ó bẹ̀ ẹ́. Cale gba ọwọ́ rẹ̀.

Ardis ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tú èèyàn sílẹ̀. Owú funfun bo ojú rẹ̀ kan. Hollis ló gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn láago méjìlá, òun náà ló sì gbé e wá.

“Ọ̀gá, ẹ ṣé,” ni Cale wí, nígbà tó rí owú yẹn. “Ẹ ṣé tí ẹ gbé wọn lọ. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín.”

Hollis sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti ọdún méjìlélógún tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, òun ò rí ẹni tó jáde ní àtìmọ́lé tó jẹ́ pé nítorí ojú ẹlòmíràn ló ṣe ń dúpẹ́.

Akọ̀wé ti fọ́ọ̀mù síwájú ìyá. “Ẹ kọ orúkọ yín síbí, mà. Ní ìsàlẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ́ sí i. Ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀, àbí?”

Ardis gba bírò. Ó tẹ orí sórí ìwé, torí ojú kan ló fi ń ríran. Ó kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn náà ó kọ *ìyá*, ó dá bírò padà.

Akọ̀wé wo ìwé náà, ó wo ìyá, ó lu òǹtẹ̀ lé e. Cale ti kà á láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀. Ó yíjú sí ògiri, ó ń sunkún bí ọmọdé, àwa tá a wà níbẹ̀ ò sì mọ ibi tá a máa kọjú sí.

“Ó tó,” ni Ardis wí, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i lọ́wọ́. “Gbé wa lọ sílé. Ebi ń pa mí.”