Ihò Mẹ́rin Ara Yàrá Fóòmù

Nígbà tí Adéṣẹwà kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá fóòmù náà mọ́ ara rẹ̀, ńṣe ni gbogbo ariwo Inísà rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ̀rọ ìlọta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, ọ̀kadà tó ń gun òkè, ewúrẹ́ tó ń ké, gbogbo wọn dákẹ́ bí ẹni pé ẹnì kan fi ọwọ́ bo ayé lẹ́nu. Ó ní, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ohùn rẹ̀ kò lọ síbì kankan, iwájú ètè rẹ̀ ló kú sí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ, tó ń bọ̀, nínú etí ara rẹ̀. Ó sáré ṣílẹ̀kùn.

Bùrọ̀dá Fúnṣọ́ dúró síta, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó bà ọ́ lẹ́rù, àbí? Bí fóòmù ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́ inú ihò wínníwínní. Ooru kì í ráyè gbà á kọjá, òtútù kì í ráyè. Ariwo pàápàá, díẹ̀ ló ń rí ọ̀nà wọlé."

Àbúrò bàbá Adéṣẹwà ni Fúnṣọ́. Fíríìjì ló ń tún ṣe ní Inísà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò rí tí kò ní tú wò títí yóò fi mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Fóòmù funfun gbàǹgbà tí wọ́n fi ń di fíríìsà àti tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ti kún ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ fọ́fọ́. Ọjọ́ tí dókítà ní Ìkìrun sọ fún Oyèdélé, bàbá Adéṣẹwà, pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lè gba òjò ọdún kan sí i mọ́, ọjọ́ náà ni Fúnṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn fóòmù náà pẹ̀lú ojú mìíràn.

Oko àgbàdo Oyèdélé wà lẹ́bàá ojú irin rélùwéè, lẹ́yìn Òkukù, lọ́nà Igbaye. Bí àgbàdo bá ti gbó, ẹni tí kò bá sùn tì í, olè ni yóò bá a kórè. Nítorí náà, abà ni Oyèdélé ń sùn, abà náà sì ń jò. Ikọ́ tó kó níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá kò fi í sílẹ̀ mọ́. Bí ó bá ń wú u lóru nílé wọn ní Ìkìrun, Adéṣẹwà yóò jókòó sórí ẹní rẹ̀, yóò máa retí kí bàbá rẹ̀ tún mí.

Adéṣẹwà ló bẹ Bùrọ̀dá Fúnṣọ́ pé kí wọ́n kọ́ yàrá kan tó ṣeé fà kiri. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n so mọ́ bátìrì ọkọ̀ ni wọ́n fi gé fóòmù náà. Bí wáyà bá ti gbóná, yóò máa la fóòmù bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi òwú gé ẹyin sísè. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù káfíńtà lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n fi aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì àlòkù tí wọ́n rì sómi wé e nínú àti lóde, wọ́n sì kun ọ̀dà lé aṣọ náà nígbà tó ṣì tutù. Nígbà tó gbẹ, ó le kankan bí igbá. Wọ́n gbé e lé férémù irin, wọ́n fi táyà ọ̀kadà méjì sí i. Ó fẹ̀ tó ènìyàn méjì í sùn, síbẹ̀ ọwọ́ kan ni Adéṣẹwà fi ń gbé irin ẹnu rẹ̀ tí wọ́n fi ń fà á nílẹ̀.

Fúnṣọ́ wá fi wáyà dá ihò mẹ́rin sí i lára, méjì nísàlẹ̀, méjì lókè.

"Ṣẹwà, wò ó dáadáa. Afẹ́fẹ́ tútù yóò gba ìsàlẹ̀ wọlé, èyí tó bá ti gbóná yóò gba òkè jáde. Fóòmù kì í mí. Ihò wọ̀nyí ni imú ilé yìí. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, má dí wọn."

"Bí òjò bá wá fẹ́ wọlé ńkọ́, sà?"

"Màá fi agolo ṣe ìbòrí sí wọn. Mò ń bọ̀ lóko lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ṣáà ní sùúrù."

Ṣùgbọ́n bàbá Adéṣẹwà kò fi bẹ́ẹ̀ gbà. Ó yí yàrá náà po, ó fi ìka kàn án, ó wúkọ́. "Ẹ fẹ́ kí n máa sùn nínú páálí tẹlifíṣọ̀n? Ó dáa, n kò ní bá yín jà. Ẹ gbé e lọ. Bí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá rọ̀ lé e, màá wá fọwọ́ kan ibùsùn inú rẹ̀. Bí ó bá tutù, ó parí nìyẹn. Abà mi ni mò ń padà sí."

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló fà á gba àárín Òkukù kọjá. Àwọn ọmọdé sá tẹ̀lé e. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan yọrí láti inú bọ́ọ̀sì, ó pariwo pé, "Ẹ̀yin onípósí, ẹ rọra o!" Ìyá kan tó ń sá gbágùúdá lẹ́bàá títì rí nǹkan funfun náà tó ń yí bọ̀ láìhó láìpariwo, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó sì wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Rọ́fíàt, ọ̀rẹ́ Adéṣẹwà, tó jókòó tì í nínú kẹ̀kẹ́, bú sẹ́rìn-ín. "Ó ní onípósí! Ṣẹwà, bí mo bá kú, ẹ má gbé mi sí inú fóòmù o. Mùsùlùmí ni mí."

Ìsinmi àárín táàmù ni. Ní ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì padà sí oko láti lé ẹyẹ. Adéṣẹwà ṣílẹ̀kùn yàrá náà. Òjò wínníwínní tó rọ̀ ní ìdájí ti gba ihò méjì wọlé. Ẹ̀gbẹ́ kan ibùsùn náà ti rin. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ojú ọ̀run dúdú níhà Ìkìrun. Òjò ńlá tí bàbá rẹ̀ ń retí ló ń bọ̀ yẹn.

"Bàbá ò ní sùn síbí mọ́," ó sọ fún ara rẹ̀. "Wọ́n á padà sí abà. Wọ́n á padà síbẹ̀, ikọ́ yẹn á sì pa wọ́n."

Atẹ́gùn fẹ́ kọjá lára ihò náà. Ó kùn. Ó kùn bí ẹni tó pa ẹnu dé tó ń ṣọ̀fọ̀.

Rọ́fíàt sún sẹ́yìn. "Èmi ò fẹ́ràn nǹkan tó ń kùn yẹn rárá. Dí ihò náà, ká simi."

"Bùrọ̀dá Fúnṣọ́ ní ká má dí i."

"Ṣé wọ́n wà níbí ni? Wọ́n ń bọ̀ ní Sátidé. Kó tó dìgbà yẹn, wàá ti yọ ọ́. Ṣé o fẹ́ kí bàbá rẹ rí ibùsùn gbígbẹ, àbí o ò fẹ́?"

Adéṣẹwà tún wo ojú ọ̀run. Ohun tí wọ́n sọ fún un kò ṣókùnkùn sí i. Síbẹ̀, ó mú àjákù fóòmù, ó gé e bí ìdérí ìgò, ó kun gọ́ọ̀mù tó ṣẹ́kù yí i ká, ó sì tì í bọ inú ihò kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe wẹ́kú. Ó yí ibùsùn dojú dé. Kíkùn náà dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tó rọ́pò rẹ̀ burú jù ú lọ.

Wọ́n ń sun àgbàdo lórí àdògán níta nígbà tí òjò dé, ní ọ̀sán gangan. Ilẹ̀ ṣú bí ìrọ̀lẹ́. Rọ́fíàt fi aṣọ di etí àdògán mú, ó gbé e wọlé tòun ti èédú pípọ́n, ó gbé e lé orí páànù kan. Ó ní òtútù ń mú òun, ó sì ní àgbàdo òun kò tíì jiná. Atẹ́gùn ń fa ilẹ̀kùn, wọ́n bá fi ìkọ́ kọ́ ọ láti inú.

Òjò ń lu òrùlé, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí ènìyàn ń da iyanrìn sórí òwú ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Ara wọn móoru. Ibùsùn gbẹ. Inú Adéṣẹwà dùn débi pé kò ka ẹ̀fọ́rí tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú un sí nǹkankan. Èédú ń pọ́n láìrú èéfín kankan.

Lẹ́yìn náà, ó ṣàkíyèsí pé Rọ́fíàt ti dákẹ́. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi! Ó fẹ̀yìn ti ògiri, àgbàdo ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ là díẹ̀, ètè rẹ̀ sì pọ́n bí ìgbà tí ó bá fi nǹkan kùn ún.

"Rọ́fíàt."

"Ògiri yìí ń mí," Rọ́fíàt dáhùn jẹ́jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì di ojú.

Adéṣẹwà wo ògiri. Lóòótọ́ ló jọ pé ó ń wú, tó ń sọ̀. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́. Ìgbà náà ni ohùn kan pè é.

"Ṣẹwàáà!"

Ohùn ọkùnrin ni. Kò ti apá kan pàtó wá, bí ẹni pé inú fóòmù gan-an ló ti ń sọ̀rọ̀. Ó jọ ohùn bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ wà nílé ní Ìkìrun, ikọ́ kì í sì í jẹ́ kí ó lè kígbe báyẹn.

Kò sí ọmọ tí wọn kò kìlọ̀ fún lágbègbè yẹn: bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ lóko ní ọ̀sán gangan, tí o kò rí ẹni tó ń pè ọ́, má jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀, wọ́n ní yóò tẹ̀lé e lọ.

"Ṣẹwà! Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀. Nǹkan kan ń fọwọ́ pa ara ògiri láti ìta, ó ń yí wọn ká, fìrì, fìrì. Ó fa ilẹ̀kùn. Ìkọ́ kò já. Adéṣẹwà mú èémí rẹ̀ dúró kí ohun náà má bàa gbọ́ ọ. Ó rò ó pé bí òun bá lè sùn díẹ̀, yóò lọ. Ojú rẹ̀ sì ti ń pa dé lóòótọ́.

Ìgbà kẹta, ohùn náà kò pe orúkọ. Ó wúkọ́.

Ikọ́ náà gùn, ó sì nira. Adéṣẹwà mọ̀ ọ́n bí ó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀, nítorí pé kò sí òru tí kì í gbọ́ ọ. Kò sí iwin tó lè wúkọ́ báyẹn. Ó yọ ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ó fi gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀ pè é, "Bàbá!" Díẹ̀ báyìí ló jáde.

Ó tó. Ojú àdá yọ láti inú ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Rọ́fíàt, ó tutù, ó ń kán omi. Ó sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń gé iṣu sísè, ògiri là, òjò àti afẹ́fẹ́ ya wọlé pọ̀. Bàbá rẹ̀ fà á jáde sínú ẹrẹ̀, ó padà fa Rọ́fíàt. Orí Rọ́fíàt ń rọ̀ dirodiro.

Ọlọ́kadà tó gbé bàbá rẹ̀ wá wo ibùsùn náà ló gbé Rọ́fíàt lọ sí ilé ìwòsàn ní Òkukù, Oyèdélé jókòó sẹ́yìn, ó gbá a mọ́ra. Ọlọ́kadà náà padà wá gbé Adéṣẹwà. Nọ́ọ̀sì fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí imú àwọn méjèèjì. Ó ní oró kan ń ti ara èédú jáde, ojú kì í rí i, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀, oorun ló sì fi ń pa ènìyàn.

Rọ́fíàt kò jí títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Àwọn ènìyàn tó péjọ síta ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àǹjọ̀nú ojú irin ló mú wọn, wọ́n ní ẹni tó gbé pósí funfun lọ sóko ló ké sí i. Wọ́n ní kí wọ́n lọ dáná sun pósí náà.

Adéṣẹwà gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó rọrùn láti dákẹ́. Àǹjọ̀nú kò ní wá bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ Rọ́fíàt tó nà sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ìyá náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe àǹjọ̀nú. Bùrọ̀dá Fúnṣọ́ dá ihò sí i, wọ́n ní kí n má dí i. Èmi ni mo dí i."

Ìyá Rọ́fíàt wò ó títí. Kò bú u. Ìgbà tí Rọ́fíàt lajú, tó béèrè pé, "Àgbàdo mi dà?" ni ìyá náà tó bú sẹ́kún, tó ń wí pé, "Alihamudulilahi, Alihamudulilahi."

Oyèdélé mú ọmọ rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ṣì rin gbingbin.

"Kí ló dé tí o fi dí i?"

"Mo fẹ́ kí ẹ rí i pé ó gbẹ ni, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ lè máa sùn síbẹ̀."

"Ó sì gbẹ. Mo fọwọ́ kàn án nígbà tí mò ń fà yín jáde." Ó wúkọ́, ó dúró kí èémí rẹ̀ padà. "Ká ní n kò tètè dé ńkọ́? Ká ní òjò ti dá, tí ẹ ti ṣílẹ̀kùn, tí ara yín le koko, tí o sì fi ibùsùn gbígbẹ hàn mí? Ǹ bá yìn ọ́. Ǹ bá gbé àdògán mi wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà nítorí òtútù. Ṣẹwà, èmi nìkan ni ǹ bá wà níbẹ̀. Ta ni ì bá wá pè mí?"

Òtútù tí kò mú Adéṣẹwà nínú òjò wá mú un lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, nítorí pé ó rí i kedere: bàbá rẹ̀ nínú yàrá funfun náà, ìkọ́ lára ilẹ̀kùn, èédú tó pọ́n, àti ọwọ́ òun gan-an tó dí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹni tó fi àléébù iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ kó lè yege ìdánwò, kò mú àléébù náà kúrò. Ó kàn gbé e fún ẹni tí yóò lò ó ni, ìyẹn sì lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn jù lọ láyé.