Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Sọ Ohun Tí Ẹnu Rẹ̀ Kò Sọ

Lọ́sàn-án, tí oru omi gbígbóná bá ti kún ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀, gbogbo nǹkan a máa rí bàìbàì bí ohun tí èèyàn ń wò lójú oorun. Àwọn aṣọ funfun á rọ̀ wálẹ̀ láti òkè bí ìkùukùu, áyọ́ọ̀nù á máa mí fùù, fùù. Alágbàfọ̀ fẹ́ràn àkókò yìí, torí ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ti ilé ìwé dé.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Àṣá ni wọ́n ń pè é, nítorí eré sísá. Àjà kẹta ilé tí ṣọ́ọ̀bù náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Tẹ́lẹ̀, kí bàbá rẹ̀ tó sọ pé "káàbọ̀" tán, ó ti dé òkè. Àmọ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan, ńṣe ló máa ń jókòó sí àárín àtẹ̀gùn.

"Àṣá, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń wo eruku tó ń jó nínú oòrùn, Dádì."

Bàbá náà á jókòó tì í. Ìmọ́lẹ̀ á gba ojú fèrèsé kékeré wọlé, eruku á máa lọ, á máa bọ̀, àwọn méjèèjì á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó dùn mọ́ bàbá náà nínú. Ó ní ọmọ òun ti ń dàgbà, ó ti ń ronú.

Ìyá ọmọ kò gbà. "Onírònú kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló dín lára ọmọ yìí." Ó sì ra oògùn ẹ̀jẹ̀ onígò wálé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Àǹtí Lábù wá gba aṣọ. Ilé ìwòsàn ńlá ni obìnrin yìí ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, alágbàfọ̀ ló sì ń bá a fọ kóòtù funfun rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ wá wo onírònú mi," ni alágbàfọ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó lè lo ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀ kó tó gòkè."

Àǹtí Lábù kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọ náà, ó fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo aago.

"Bàbá Àṣá, ṣé ara rẹ̀ gbóná láìpẹ́ yìí?"

"Ọ̀fìnkìn ni, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ti lọ."

"Báwo ló ṣe ń sùn?"

"Ó ní òun fẹ́ kí ìrọ̀rí ga. Mẹ́ta ló ń lò báyìí."

Àǹtí rọra fa ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ti wú, ojú ibi tí ìbọ̀sẹ̀ ti fún un hàn gbangba. "Ọmọ dáadáa, ṣé eruku lò ń wò lóòótọ́?"

Àṣá wo bàbá rẹ̀, ó wolẹ̀. "Èémí mi kì í gbé mi dé òkè, mà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún fún mi ní oògùn kíkorò yẹn ni."



Ìyá ọmọ ti sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fún un lóògùn náà dọ́jọ́ Sátidé ná."

"Ìyá Àṣá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ọmọ tó jókòó jẹ́jẹ́, tí ọkàn rẹ̀ ń lù bíi tẹni tí ajá ń lé! Àìsàn tó fa ọ̀fìnkìn yẹn lè ti dé ọkàn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lónìí."

"Ẹ̀jẹ̀ lẹ tún fẹ́ gbà lára ọmọ tí kò lẹ́jẹ̀?"

"Kò ju ṣíbí kékeré kan lọ. Bí iṣan ọkàn bá farapa, èròjà kan máa ń jò látinú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọkàn bá ń tiraka ju agbára rẹ̀ lọ, òmíràn máa ń pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ wa á rí wọn láàárín bíi wákàtí kan. Dókítà ò ní fi ìyẹn nìkan dájọ́ o, wọ́n á tún ya àwòrán ọkàn rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ á jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bóyá kí wọ́n yára."

Alágbàfọ̀ pa áyọ́ọ̀nù. Ó gbé ọmọ rẹ̀, wọ́n kọjá lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn gùn, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bí omi. Lẹ́yìn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ya àwòrán ọkàn tán, Àṣá sùn lọ lé bàbá rẹ̀ láyà. Lójú bàbá náà, ó dà bíi pé ilé ọ̀hún ń léfòó, pé gbogbo ẹni tó ń kọjá ń rìn nísàlẹ̀ odò. Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi ọkàn kékeré tó ń sáré yẹn.

Dókítà jáde. "Èròjà méjèèjì ga ju bó ti yẹ kó rí lára ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àwòrán náà fi hàn pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára tó mọ́. A máa dá a dúró."

"Dókítà, ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó tì í," ni alágbàfọ̀ wí. "Mo rò pé ó ń gbádùn ara rẹ̀ ni."

"Ẹ ń mójú tó o, ìyẹn dáa. Ìbéèrè nípa ara rẹ̀ ló kù tẹ́ ẹ ò bi í."

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni Àṣá lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ń fún un lóògùn ọkàn, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, èròjà méjèèjì sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ti padà sílé báyìí. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sáré fún oṣù mẹ́fà, ọmọ náà sì ń kùn. Kíkùn rẹ̀ dùn létí àwọn òbí rẹ̀ ju orin lọ.

Ẹ̀yin òbí, bí èémí ọmọ yín bá ń kúrú, bí ẹsẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ bá ń wú, bó bá dákú níbi eré, tàbí tí ọmọ ọwọ́ ń làágùn bó ṣe ń mu ọmú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ bi dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí ọkàn. Ẹ má ṣe fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò. Ẹ má sì pe ọmọ tó dédé ń rẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ẹ wá ìdí rẹ̀ lónìí, ẹ má fi dọ̀la.