Fíláàṣì Ara Kọ́kọ́rọ́ Tíṣà

Adéjọkẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohùn Bàbá Ògúnníyì rẹ́ kúrò nínú fíláàṣì kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ ọmọ bàbá náà ló fẹ́ ẹ.

Ọdún 2017 ni, ọdún tí ìrẹsì wọ́n débi pé gaàrí ni ọ̀pọ̀ tíṣà ń mu lọ sí kíláàsì. Ọmọ́níyì, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Oǹdó, wá sí Alágbàká, ọ́fíìsì ìjọba ní Àkúrẹ́, nítorí ìwé ìgbéga rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tí kò ṣí mọ́ wà nínú báàgì. Ẹnìkan níbẹ̀ ní kó gbé e lọ bá obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Arakale.

Nígbà tó débẹ̀, obìnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ eruku jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà kan. Eruku ti sọ irun ojú rẹ̀ di funfun bíi ti ìyá àgbà. Ó ń bá kọ̀ǹpútà náà wí bí ẹni ń bá ewúrẹ́ wí. Mi ò ní sọ pé ó ń tàn bí òṣùpá. Ó dọ̀tí. Ṣùgbọ́n Ọmọ́níyì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó, kò wọlé.

"Ẹ wọlé tàbí kí ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà," ni Adéjọkẹ́ wí. "Ẹ ti dí afẹ́fẹ́ mi."

Ó wọlé. Ó jókòó, ó sì ṣàlàyé. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ògúnníyì, ni olórí akọrin ìjọ wọn fún ogójì ọdún. Àgbẹ̀ kòkó ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ohùn orin sínú ìwé. Orí rẹ̀ ló fi ń ṣe orin, ẹnu rẹ̀ ló sì fi ń kọ́ àwọn akọrin. Lọ́dún tó kọjá ó ṣe orin tuntun méjìlá fún ìkórè. Ọmọ́níyì tẹ ọ̀rọ̀ wọn sínú láptọ́ọ̀pù, ó sì fi fóònù gba ohùn bàbá náà sílẹ̀ bó ṣe ń kọ wọ́n. Kí bàbá tó kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹyọ kan nínú wọn, àrùn rọpárọsẹ̀ dé. Apá òsì rẹ̀ kú, ahọ́n rẹ̀ sì kú. Láti ìgbà náà kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. Fóònù yẹn sì ti já sínú kànga.

"Gbogbo ohùn tó kù lẹ́nu bàbá mi wà nínú ẹ̀rọ yìí," ni Ọmọ́níyì wí.

Adéjọkẹ́ kò kẹ́dùn, kò sì tù ú nínú. Ó ní kó fi í sílẹ̀, kó padà wá ní Sátidé.

Ó padà wá ní Sátidé, ó sì tún wá ní Sátidé kejì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí wíwá rẹ̀ fi kún iṣẹ́ náà. Ó máa ń mú bọ̀ọ̀lì dání. Ó ń pe Adéjọkẹ́ ní Ẹnjiníà, òun náà ń pè é ní Tíṣà. Kò sẹ́ni tó kọ́ Adéjọkẹ́ níṣẹ́. Ó ra kọ̀ǹpútà bíbàjẹ́ kan, ó tú u, ó tò ó, ó tún tú u, títí ẹ̀rọ náà fi dáhùn. Ó mọ ohun tó máa ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń ṣe òun fúnra rẹ̀ tí Ọmọ́níyì bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn ni kò mọ̀. Ó rò pé ibà ni, ó lo oògùn.

Ní Sátidé kẹta, ó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún un. Ẹ̀rọ náà kò kú. Ètò tó ń jí i, tó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀, ló bàjẹ́, ẹrù sì wà nínú ilé tí ilẹ̀kùn ti há. Òun máa gbé ètò mìíràn sínú fíláàṣì, kí láptọ́ọ̀pù náà lè jí láti inú fíláàṣì. Tó bá ti jí, àwọn á wọlé kó ẹrù jáde.

Ọmọ́níyì ronú sí i. "Ṣé kọ̀ǹpútà á wá máa gbé inú fíláàṣì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

Ọmọ́níyì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n fíláàṣì Adéjọkẹ́ ti bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, tuntun kò sì ṣeé rà nígbà náà. Ọmọ́níyì na kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sí i. Fíláàṣì kékeré kan wà lára rẹ̀.

Adéjọkẹ́ fẹ́ gbé fáìlì ètò tuntun náà sínú fíláàṣì. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ ọ́ sójú pé gbogbo ohun tó wà nínú fíláàṣì yìí ló máa parẹ́, ó sì bi í bóyá kí òun máa bá a lọ.

"Ṣé nǹkan wà nínú rẹ̀?" ló bi Ọmọ́níyì.

"Ohun tó wà níbẹ̀ wà nínú láptọ́ọ̀pù náà. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀."

Ó ti di àṣà Adéjọkẹ́ láti ọdún mẹ́fà pé kó ṣí fíláàṣì oníbàárà, kó fojú ara rẹ̀ wò ó, kó tó pa ohunkóhun rẹ́. Lọ́jọ́ yẹn kò ṣí i. Ọwọ́ Ọmọ́níyì ló ń wò, tó fi ń nu èédú bọ̀ọ̀lì kúrò lára ìka. Ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni."

Nígbà tó kọ́kọ́ ki fíláàṣì náà bọ láptọ́ọ̀pù, ojú ẹ̀rọ náà dúdú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó tún un tàn, ó ń tẹ bọ́tìnnì kan léraléra títí ó fi wọ ibi tí wọ́n ti ń yan ohun tí ẹ̀rọ máa fi jí, ó sì fi fíláàṣì síwájú. Iná lọ. Wọ́n dúró de jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Lẹ́yìn ìyẹn, ìmọ́lẹ̀ dé sójú láptọ́ọ̀pù náà, pẹ̀lú àwòrán tí Ọmọ́níyì kò rí rí.

"Kọ̀ǹpútà ta nìyí?"

"Tiyín ni. Aṣọ ló pààrọ̀."

Wọ́n rí ọ̀rọ̀ orin méjèèjìlá. Kò sí ẹyọ kan tó sọnù. Ọmọ́níyì di ọwọ́ Adéjọkẹ́ mú láìrò ó tẹ́lẹ̀, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ibi tó kọ "Ohùn Bàbá" sí. Orúkọ méjìlá wà níbẹ̀. Ọmọ́níyì tẹ ọ̀kan, kò dún. Ó tẹ èyí tó tẹ̀lé e.

Adéjọkẹ́ wo bí wọ́n ṣe tóbi tó, ó sì mọ̀ kí Ọmọ́níyì tó mọ̀. Orin máa ń gba àyè púpọ̀. Ìwọ̀nyí kò gba àyè ju orúkọ lásán lọ. Nígbà tí Tíṣà rò pé òun ń kó orin sínú láptọ́ọ̀pù, àmì tó ń tọ́ka sí ibi tí orin wà ló kó. Inú fíláàṣì tó fi gbé orin kúrò lórí fóònù ni orin wà ní gbogbo ìgbà náà, lára kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ́níyì tẹ méjèèjìlá kó tó dáwọ́ dúró. Adéjọkẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kò bò ó. Ọkùnrin náà gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi fíláàṣì sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdúpẹ́ yẹn ló dun Adéjọkẹ́ jù.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń wá inú fíláàṣì náà. Ètò tuntun ti jókòó lé ibi tí ohùn wà. Ohun tó rí kó jáde kò ju ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún lọ. Bàbá kan wúkọ́, ó ní, "Níyì, ṣé o ti tẹ̀ ẹ́?" Lẹ́yìn náà ó mú ìlà àkọ́kọ́ orin kẹta, ó sì já.

Adéjọkẹ́ wọ mọ́tò Oǹdó, ó gun ọ̀kadà dé ilé wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ́níyì pàdé rẹ̀ níta.

"Mo ti sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ló bà á jẹ́. Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Kí wọ́n má bàa kórìíra rẹ."

"Tí wọ́n bá kórìíra mi, kí ló kàn ọ́?"

Ọmọ́níyì ń yí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì dúró níbẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà. Adéjọkẹ́ wọlé.

Bàbá wà lórí àga onígi, apá òsì rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Oyèbọ́lá, ẹ̀gbọ́n Ọmọ́níyì tó ń tọ́jú bàbá, dúró tì í. Adéjọkẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀rọ kọ́, Bàbá. Èmi ni. Ó yẹ kí n wò ó, mi ò wò ó." Ó tan ohùn náà. Bàbá gbọ́ ikọ́ ara rẹ̀, ó gbọ́ ìlà orin náà dé ibi tó ti já. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó kan apá àga lẹ́ẹ̀mejì.

"O gbọ́ ohun tó sọ," ni Oyèbọ́lá wí. "Ó ní kí o máa lọ."

Adéjọkẹ́ wo Ọmọ́níyì. Òun náà kò mọ ohun tí bàbá ní lọ́kàn. Adéjọkẹ́ bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ọmọ́níyì pe fóònù rẹ̀ nígbà márùn-ún, ó ń bi í bí ojú ọjọ́ ṣe rí ní Àkúrẹ́. Adéjọkẹ́ ń dá a lóhùn, lẹ́yìn náà á jókòó, kò ní mọ̀ bóyá àwọn ń jà ni tàbí àwọn ti rẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó rí Ọmọ́níyì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń mí hẹlẹ. Ó ti ibi ìdánrawò akọrin bọ̀. Ẹnìkan ṣi orin kọ, olórí tuntun sì kan bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀mejì. Ogójì ọdún ni bàbá ti fi ń kàn án bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ ṣì í, ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Oyèbọ́lá kì í kọrin, kò lè mọ̀.

"Kò lé ọ," ni Ọmọ́níyì wí. Ó wo ilẹ̀. "Adéjọkẹ́, ṣé o máa fẹ́ mi?"

"Ohun tó gbé ọ wá láti Oǹdó nìyí?"

"Òun náà ni."

"O ò ní kọ́kọ́ pè mí ní òdòdó?"

"O máa lé mi jáde."

"Màá lé ọ jáde lóòótọ́." Ó fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. "Màá fẹ́ ọ, Tíṣà. Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Wọ́n lọ. Adéjọkẹ́ tún kúnlẹ̀, ó tún sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e lórí, ó sì fi í síbẹ̀ pẹ́. Oyèbọ́lá wò wọ́n títí, ó wọ inú ilé lọ bu omi wá fún un. Kò bẹ̀ ẹ́, Adéjọkẹ́ náà kò retí ẹ̀bẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ìkórè ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ìjọ náà. Àwọn akọrin ní ọ̀rọ̀ orin méjìlá lọ́wọ́, wọn kò sì ní ohùn fún ju ìlà kan lọ. Wọ́n mú ìlà yẹn, wọ́n fi òye gbé ìyókù orin kẹta, kí wọ́n fi kí ìyàwó.

Wọ́n dé ìlà kejì, Bàbá Ògúnníyì kan apá àga rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e gba ibòmíràn. Ó tún kàn án. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó kàn án nígbà kẹta. Òun nìkan ló mọ bí orin náà ṣe ń lọ, ẹnu rẹ̀ sì ń mì, kò sí ohun tó jáde.

Adéjọkẹ́ ń wo ọwọ́ náà láti ibi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Nígbà kẹrin tí wọ́n dé ìlà kejì, bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí àga, ó fi í sórí itan, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n.